Ẹ dákun, báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo ọmọ mi lọ́wọ́ èéfín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá.

Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Ògbómọ̀ṣọ́ là ń gbé, lápá Tákíè. Ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an ni àwọn ìyá tó ń yan gààrí da ààrò sí. Bí mo bá fi aṣọ funfun nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti tún dúdú. Bí mo bá sì tì í pa, ooru á mú ọmọ, ẹkún ni.

Tó bá dalẹ́, aládùúgbò á tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń tú jáde nínú rẹ̀, kò ní òórùn, a ò lè fojú rí i, ó sì ń pa èèyàn mọ́ ojú oorun.

Nọ́ọ̀sì ní ọmọdé ń mí kíákíá jù wá lọ, àti pé èéfín wà lára ohun tó ń fa òtútù àyà. Mo ti pa kọ́ìlì ẹ̀fọn tì, àwọ̀n ẹ̀fọn là ń lò. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi òrí sí ọmọ nímú, àmọ́ mi ò ṣe é, torí ọ̀rá tó bá gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró léwu.

Ta ló ti bá àwọn alágààrí mọ ààrò tó ní ọ̀pá èéfín rí? Èló ló ná yín? Báwo lẹ ṣe bá wọn sọ ọ́ tí kò dìjà, torí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni? Ọyẹ́ náà sì ń bọ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀: ìgbà wo ló dáa kí n máa ṣí fèrèsé?