Ẹ bá mi wá ìwé àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta inú ọkọ̀ ojú irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ìwé kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àmọ́ èèpo rẹ̀ ti ya kúrò, n ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní.

Ọmọ ìyá mẹ́ta ló wọkọ̀ ojú irin kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, láìsí àgbà kankan. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tọ́jú owó sínú ìbọ̀sẹ̀. Àbíkẹ́yìn bọ́ sílẹ̀ lọ mu omi, ọkọ̀ sì gbéra. Ha, mo sunkún lọ́jọ́ náà!

Wọ́n so páálí tí orúkọ wọn wà mọ́ kóòtù, wọ́n gbé ìbòjú tí wọ́n fi ń sá fún afẹ́fẹ́ olóró kọ́rùn. Ìyẹn ni mo fi rò pé ọdún 1939 ni, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ọmọdé lọ sí ìgbèríko nítorí bọ́ǹbù.

Ìwé olókìkí tàwọn ọmọ tó ń gbé lẹ́bàá rélùweè kọ́ o, mo ti rà á.

Ọmọ mi náà ti pé mẹ́sàn-án báyìí. Ta ló mọ̀ ọ́n? Tí kò bá sí, báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé?