Bí mo ṣe lè to àwọn ibi ìbẹ̀wò bí amọ̀nà ṣe ń rìn wọ́n gan-an

Ará Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìkànnì kan ni mò ń kọ́ fún àwọn amọ̀nà tó ń mú àlejò rìn kiri Àgbádárìgì, MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà sínú tábìlì, sì ni mò ń lò. Bí mo bá fi álífábẹ́ẹ̀tì to àwọn ibi ìbẹ̀wò, Gberefu á ṣíwájú Vlekete, bẹ́ẹ̀ ọjà Vlekete ni àlejò ti ń kúrò kó tó wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Bí mo bá sì fi ọdún tò ó, kànga ọ̀nà Gberefu, tí mi ò kọ ọdún kankan sí, á gorí gbogbo wọn, títí kan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 tí àwọn olùkọ́ fẹ́ kí ọmọ ilé ìwé kọ́kọ́ rí. Kí ni kí n ṣe?

Ará Ìkòròdú

Èyí tó yá jù ni kí ẹ kọ ètò náà sínú àṣẹ yín:

`ORDER BY FIELD(oruko, 'Vlekete', 'Kanga', 'Gberefu')`

Nọ́ńbà ipò tí orúkọ wà nínú àtòkọ yẹn ni FIELD ń dá padà. Ẹ kíyè sí i pé òdo ló ń dá padà fún orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, nítorí náà ibi tuntun tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ni yóò lọ jókòó sókè pátápátá. PostgreSQL, ètò dátà mìíràn bíi MySQL, kò ní FIELD, ṣùgbọ́n CASE, tí ẹ fi lè sọ nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan máa gbà, ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbàkígbà tí amọ̀nà bá yí ọ̀nà padà ni yóò máa pe ẹni tó kọ kóòdù. Nọ́ńbà ipò ni kí ẹ fi pamọ́ sínú tábìlì, ẹ má sì sọ òpó rẹ̀ ní `order`, torí ọ̀rọ̀ àṣẹ ni nínú SQL, èdè tí a fi ń bá ètò dátà sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ipò kì í ṣe ti ibi náà fúnra rẹ̀, ti ìrìn ni: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè jẹ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ ilé ìwé, kó sì jẹ́ ìkẹyìn fún àlejò mìíràn. Tábìlì kẹta tó so ìrìn pọ̀ mọ́ ibi ni nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà:

`SELECT ibi.oruko FROM irin_ibi JOIN ibi ON ibi.id = irin_ibi.ibi_id WHERE irin_ibi.irin_id = 2 ORDER BY irin_ibi.ipo, irin_ibi.id`

Ẹ kọ ọ́ ní 10, 20, 30, kí àyè lè wà fún 15 lọ́jọ́ iwájú.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ ṣeun gan-an. Bí àyè àárín bá wá tán ńkọ́?

Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹ tún nọ́ńbà ìrìn yẹn nìkan kọ láti 10, nínú transaction kan ṣoṣo (àkójọ àṣẹ tí gbogbo rẹ̀ máa ń yọrí pa pọ̀ tàbí kí ìkankan má yọrí), kí iná má baà lọ lójijì kó wá ku ìdajì. `id` tó kẹ́yìn àṣẹ yẹn wà nítorí ibi méjì tó bá ní nọ́ńbà kan náà. Láìsí i, bí ẹ bá pín àtòkọ náà sí ojú-ewé, ibi kan lè fara hàn ní ojú-ewé kìíní àti ìkejì.

Ará Ìkòròdú

Mo gbà fún ti ìrìn. Ṣùgbọ́n fún ohun tí kì í yí padà, bí ipò owó àlejò, èyí tó jẹ́ "kò tíì san", "ti san" àti "ti fagi lé", FIELD ṣì tó.