Iṣan epo, ọ̀pá epo, àbí rọ́bà epo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí ìwé atọ́nà àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì máa pe gbogbo ohun tó ń gbé epo láti táǹkì dé ẹ́ńjìnnì ní "iṣan epo". Ẹlòmíì ní "ọ̀pá epo" ló dáa. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

"Ọ̀pá epo" ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ìwé ìròyìn bá ní wọ́n bẹ́ ọ̀pá epo, gbogbo wa mọ̀ pé èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ti abẹ́ Corolla. "Iṣan" dùn létí, àmọ́ bí òǹkọ̀wé ò bá fi àmì sí i, ta ló máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí "ìṣàn"? Nínú ìwé tó ń sọ nípa epo tó ń ṣàn!

Èyí tó burú jù ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí bo ohun méjì tí ìtọ́jú wọn ò jọra. Páìpù epo, irin ni. Ó máa ń dógùn-ún níbi tí kílíìpù ti so ó mọ́ ara ọkọ̀, torí ẹrẹ̀ ń há síbẹ̀. A lè gé ibi tó ti jẹ, ká fi páìpù tuntun rọ́pò rẹ̀. Rọ́bà epo, tó wà ní ìdí táǹkì àti lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n, kò ní àtúnṣe. Tó bá ti sán, pípààrọ̀ ló kàn. Bí ìwé bá kọ "tún rọ́bà epo ṣe", ẹnì kan á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ tí awakọ̀ fi ń dí táǹkì ò lè gbà á, torí nínú ọkọ̀ tó ń lo injector (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), bíi 40 sí 60 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí epo fi ń ti rọ́bà) ni pọ́ǹpù fi ń ti epo. Ti kábúrétọ̀ kì í sábà ju 7 lọ. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà tí wọ́n kọ J30R7 sí lára ò fi yẹ ọkọ̀ injector. J30R9 ni ká béèrè, pẹ̀lú kílíìpù tí inú rẹ̀ dán. Èyí tó ní ihò gbọọrọ-gbọọrọ ń gé rọ́bà jẹ.

"Jò" nìkan náà ò tó. Epo tó ń *sun*, tó kàn ń tutù lára rọ́bà tó sì ń rùn, kílíìpù tó dẹ̀ tàbí rọ́bà tó gbó ni. Èyí tó ń *kán*, ẹ ó rí i nílẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró. Èyí tó ń *fọ́n*, ìgbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ ló ń hàn, òun ló sì tètè ń dáná sun ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "dín ìfúnpá kù" náà kúrò nínú ìwé, tí wọ́n fi ń sọ pé ká dín agbára tí epo fi ń ti rọ́bà kù. Àwọn àgbà ló ń so ìfúnpá mọ́ apá. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe: yọ fíúsì pọ́ǹpù, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀, kí o wá tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Lẹ́yìn tí o bá ti pààrọ̀ rọ́bà tàbí páìpù, tí o sì ti dè é tán, dá fíúsì àti bátìrì padà, ṣí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta láìsítáàtì, kí o sì yẹ gbogbo oríkèé wò.

Èyí tó ń dá epo padà sí táǹkì ńkọ́? "Rítọ̀ọ̀nù" ni wọ́n ń pè é ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù. Mi ò rí ìdí tí a fi máa yí i.