Irú àwòrán wo ló yẹ fídíò kàtúùnù àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn ọmọdé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Gègé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan n'Íbàdàn fẹ́ fídíò oníṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ọdún 6 sí 9 bí wọ́n ṣe ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Wọ́n á fi projector hàn án ní kíláàsì, àwọn òbí á sì gbà á lórí WhatsApp. Àwa méjì la ó ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ní. Ṣé ká máa fọwọ́ yà á ni, àbí ká ṣe 3D, àbí cut-out, tá a ó gé ẹ̀yà ara sọ́tọ̀ tá a ó máa yí wọn? Ẹgbẹ́ náà tún ní kí ẹ̀yìn àwòrán jẹ́ kìkì àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Oníkèé
Ẹ gbàgbé fífọwọ́ yà. Fírémù 24, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 2,160 nìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 90. Bí àwòrán kan bá tiẹ̀ jókòó fún fírémù méjì, 1,080 lẹ ó yà, fún ẹnì kan ṣoṣo lójú fídíò. Bí ẹ bá ń parí 20 lójúmọ́, ọjọ́ 54 ni, ẹ ò tíì kun ọ̀dà. Ní ti 3D, àwọ̀n tó ń mì lẹ́lẹ́ nìkan lè jẹ odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Cut-out ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ̀yà 15 tó fún ọmọ kan: orí, ọrùn àti ara, apá òkè, apá ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́, lọ́tùn-ún lósì, itan, ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀ bákan náà. Níbi oríkèé, ẹ jẹ́ kí ìpẹ̀kun ẹ̀yà méjèèjì rí roboto kí wọ́n gorí ara wọn, kí ojú ìyípo sì wà láàárín òbìrí náà gan-an. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ihò á yọ ní ìgbọ̀nwọ́ tí ọmọ náà bá ti ká apá kò. Blender àti OpenToonz, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe kàtúùnù, lè ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Eléélú
Èmi ò kọ àdìrẹ, àmọ́ ẹ̀yìn àwòrán kọ́ ni àyè rẹ̀. Aró dúdú, ọmọ dúdú, yàrá lóru, nínú kíláàsì tí fèrèsé ṣí sílẹ̀: kí lọmọ fẹ́ rí níbẹ̀? Ẹ fi búlúù tó mọ́lẹ̀ ju awọ ọmọ lọ ṣe òru, kẹ́ ẹ wá sọ àwòrán náà di dúdú-òun-funfun. Bí ojú ọmọ àti ògiri bá di eérú kan náà, ẹ tún un kùn. Kí àdìrẹ wà lára ìró ìyá, kí bátànì rẹ̀ tóbi, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré.

Àwọ̀n gan-an ló máa yọ yín lẹ́nu jù. Bẹ́ ẹ bá ya ojú rẹ̀ tín-ín-rín, tí WhatsApp wá fún fídíò náà pọ̀, àwọn ìlà yẹn á máa ta yẹ́ríyẹ́rí nígbàkigbà tí kámẹ́rà bá sún. Ẹ kùn ún ní funfun tá a lè rí òdìkejì rẹ̀, bí ìdá 25 nínú 100, kẹ́ ẹ fa ìlà mẹ́fà tó ṣe bí ìṣẹ́po aṣọ sí i, kí ìlà kọ̀ọ̀kan nípọn tó píksẹ́lì 4 ó kéré tán ní 1080p, ìyẹn fídíò tó ga ní píksẹ́lì 1,080. Ojú àwọ̀n gidi, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan péré, láti itòsí, kí kámẹ́rà má mì.

Àmì_Ohùn
Ẹ má gbàgbé ẹnu. Rhubarb Lip Sync, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú kí ẹnu bá ohùn mu, ọ̀fẹ́ lòun náà, máa ń lo ìrísí ẹnu mẹ́fà ní ìpìlẹ̀. Ẹ yan "phonetic", torí Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó bá wá ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fojú ara yín wo gbogbo ibi tí gb àti p wà: ètè gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ẹnu bá là gbàù níbi "gbé àwọ̀n", àwọn ọmọ á mọ̀.

Fún ọ̀rọ̀ kíkọ, ẹ lo fọ́ǹtì Andika, tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀, ṣe là ń gbé àmì lé wọn lórí, ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì mìíràn fi ń ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Gègé
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀fọn ńkọ́? Ṣé kó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín?

Eléélú
Rárá o, ẹni tó ń pani lẹ́rìn-ín ni ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń gbè lẹ́yìn. Ẹ má fún un ní eyín ẹ̀rù náà, wọn ò ní lè sùn. Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, ni kẹ́ ẹ yà: tó bá bà, orí á kọ ilẹ̀, ìdí á nà sókè. Ẹ sì fi hàn pé àwọ̀n tuntun á kọ́kọ́ gba atẹ́gùn lábẹ́ ibòji fún wákàtí 24, kí wọ́n tó so ó kọ́, kí wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní.

Oníkèé
Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, ẹ parí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré: òru, àwọ̀n, ọmọ kan tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ wò ó lórí fóònù tó kéré jù lọ́wọ́ yín, níta, nínú oòrùn.