Àbọ̀ rèé o: SSH tó ń há, MTU ló fà á

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ SSH (ọ̀nà tá a fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì láti òkèèrè) tí mo gbé wá, èyí tí ping (àyẹ̀wò bóyá ẹ̀rọ kejì ń dáhùn) ń lọ geere àmọ́ tó máa ń há síbi "expecting SSH2_MSG_KEX_ECDH_REPLY" (ibi tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́), ó ti yanjú o. PPPoE (ìlànà tí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fi so wá mọ́ra) ni láìnì wa, ó sì ń jẹ báìtì 8 nínú MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè kọjá) tó jẹ́ 1500, ó wá ku 1492. Mo ṣe ping -M do -s 1472 (ìyẹn ni pé kó gbé báìtì 1472 láìgé pákẹ́ẹ̀tì), kò kọjá, mo sọ ọ́ di 1464 ló bá wọlé wẹ́rẹ́ (28 tó kù, hẹ́dà IP àti ti ICMP, èyí tí ping àti ìkìlọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò, ló ni ín). Fáyáwọ̀ọ̀lù kan lọ́nà ló ń gbé ICMP tó yẹ kó kìlọ̀ fún sáfà pé pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tóbi jù mì, ìwà ìkà gbáà! Mo kàn fi TCPMSS --clamp-mss-to-pmtu (òfin tó ń dín pákẹ́ẹ̀tì TCP kù dé ìwọ̀n tí ọ̀nà gbà) sórí ráútà, ó ti ń fò báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yẹ MTU wò, ẹ ṣé gan-an ni.