Orúkọ ìdílé èmi àti ọmọ mi kò bára mu: ìwé wo ni kí n mú dání lọ sí òkè òkun?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ mú ọmọbìnrin mi rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo ń jẹ́ kí n tó lọ́kọ ni ó ṣì wà nínú tèmi, bàbá rẹ̀ kò sì ní bá wa lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà dá wa dúró. Ṣé ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ nìkan tó?

Èsì:
Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò, mà. Kò tó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ń wádìí: bóyá ẹ̀yin ni ẹ bí ọmọ náà, àti bóyá òbí rẹ̀ kejì fọwọ́ sí i pé kí ẹ mú un jáde. Ìwé ẹ̀rí ìbí ń dáhùn ti àkọ́kọ́, bí orúkọ òbí méjèèjì bá wà nínú rẹ̀. Èyí tí orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí nìkan wà nínú rẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ni ó ń dáhùn èkejì. Kí bàbá ọmọ kọ ibi tí ẹ ń lọ, ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí wọn yóò bá a lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó sì buwọ́ lù ú níwájú nótárì, ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tí a fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé. Ẹ má ṣe bínú sí wọn bí wọ́n bá béèrè. Àwọn òbí kan ń gbé ọmọ sá kọjá ẹnubodè láìjẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀, òun ni ó sì bí àdéhùn Hague ti ọdún 1980, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti máa dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà.

Èsì:
Òótọ́ ni. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó kún un, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́wọ́ òbí tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ. Nígbà mìíràn, ọmọ gan-an ni wọn yóò bi pé, “Ta ni ẹ jọ ń lọ yìí?” Ẹ sọ fún un ṣáájú pé wọ́n lè bi í, kí àyà rẹ̀ má baà já, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ ọ ní ìdáhùn àkọ́sórí, nítorí ọmọ tí ó ń ka àkọ́sórí a máa mú kí wọ́n fura.

Ìbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ rin irú ìrìn-àjò yìí, ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ tirẹ̀ ti ṣaláìsí. Ta ni yóò buwọ́ lùwé?

Èsì:
Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìwé ẹ̀rí ikú ni yóò dípò lẹ́tà náà. Ní ti àwọn tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tí ó fi ọmọ sí ìkáwọ́ ẹnì kan ni kí ẹni náà mú dání. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò tí ẹ gbé lọ́wọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí ẹ kó fún ọkọ̀ òfurufú. Kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ, nítorí òfin wọn kò dọ́gba.