Ta ló ti dá lọ sí Grand-Popo rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, mo fẹ́ dá lọ sí Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba, etíkun ibẹ̀ wù mí gan-an àmọ́ owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Mo mọ̀ pé a ò nílò físà, sẹfà sì ni wọ́n ń ná, ṣé Sẹ̀mẹ̀ ni kí n ti ṣẹ́ náírà mi àbí kí n dé Kútọnu ná? Obìnrin ni mí, mi ò gbọ́ Faransé, ibi tí mo máa sùn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, yàrá tó mọ́ tí ìlẹ̀kùn ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ gidi tí ò sì wọ́n. Mi ò ní wẹ̀ nínú òkun o, ìgbì ibẹ̀ le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí, apá ibo lẹ dé sí, èló lẹ san?